Ìjù Tí Kò Gba Ẹ̀yìn

Lẹ́tà kan dé sí mi lọ́wọ́ láti Ìsẹ́yìn, mo sì rí i pé ó yẹ kí n fi èsì rẹ̀ síbí, nítorí kì í ṣe ẹni tó kọ ọ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ló kọ ọ́. Ó ní ọmọ òun tó ń ṣiṣẹ́ ní Aberdeen, ní ilẹ̀ Skọ́tílándì, fi ọ̀pá ìwọ̀ kan ránṣẹ́ sí òun. Ọ̀pá náà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 13. Ọ̀nà mẹ́rin ló pín sí, tí a ń tì bọ ara wọn. Ó ní kẹ̀kẹ́ tí a ń ká okùn sí, okùn náà sì nípọn ju okùn ìwọ̀ tí a mọ̀ nílé yìí lọ. Nínú àpótí kékeré kan ni ìwọ̀ wẹ́wẹ́ wà, tí wọ́n fi ìyẹ́ àti òwú wé títí wọ́n fi dà bí eṣinṣin. Bàbá gbé e, ó di etí Odò Ògùn. Ó fì í sẹ́yìn, ó kọ́ igi. Ó tún fì í, ó tún kọ́ igi. Nígbà kẹta, okùn wé Bàbá lọ́rùn, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí wọ́n dúró lẹ́yìn rẹ̀ sì bú sẹ́rìn-ín. Ó wá bi mí pé: ṣé kí òun ta ọ̀pá yìí ni, àbí ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń gbà jù ú?

Bàbá, ẹ má tà á o. Ọ̀nà wà. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ọ̀nà náà, ọ̀rọ̀ kan nínú lẹ́tà yín kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Ẹ ní àwọn ọmọ-ọmọ yín dúró lẹ́yìn yín. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti fi ìwọ̀ sẹ́yìn rí, ẹ̀rín sì di ẹkún mọ́ wa lọ́wọ́.

Létí Odò Òfíkì ni, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan. Ọ̀pá oparun ni mo mú lọ́wọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí kò ju ọmọ ọdún méje lọ, gbé oúnjẹ wá fún mi. Kò pè mí. Ó fẹ́ yọ́ wá bá mi lẹ́yìn kí ó lè dẹ́rù bà mí. Èmi kò wẹ̀yìn. Mo fì ọ̀pá sẹ́yìn, mo sì fẹ́ jù ú síwájú. Okùn kò wá. Mo rò pé igi ló tún kọ́. Àfi bí mo ti gbọ́ igbe. Ìwọ̀ ti kọ́ ọmọ ní ìpéǹpéjú.

Mo na ọwọ́ kí n fà á yọ. Ìyá ọmọ náà, tó ń fọṣọ ní ìsàlẹ̀ odò, ló ké pé kí n má fọwọ́ kàn án. Òun ló gba ìyà náà kalẹ̀. Ó fi eyín gé okùn, ó gbé ọmọ pọ̀n, a sì sáré lọ sí ilé ìtọ́jú. Nọ́ọ̀sì tó yọ ìwọ̀ náà sọ fún mi pé bí mo bá fà á ni, n bá fa ìpéǹpéjú ya, bóyá n bá sì gbá ẹyin ojú mọ́ ọn. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ojú kò fọ́. Àpá náà ṣì wà níbẹ̀ di òní, bí ó bá sì wá kí mi, ibẹ̀ ni ojú mi kọ́kọ́ ń lọ. Àwọn àgbà ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Èmi kò wò ó lókèèrè.

Nítorí náà ni mo ṣe lọ wá ọ̀nà tí a lè gbà ju ìwọ̀ láìfì í sẹ́yìn rárá. Kò yà mí lẹ́nu mọ́ nígbà tí mo rí i pé ọ̀nà náà gan-an ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe irú ọ̀pá tí ọmọ yín fi ránṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Odò kan wà ní ìlà-oòrùn àríwá Skọ́tílándì tí a ń pè ní Spey. Omi rẹ̀ ń sáré, bèbè rẹ̀ ga, igi sì pọ̀ létí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí igbó ti máa ń dí sí etí Ògùn àti Òfíkì bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dàn ni gbogbo ilẹ̀ tó kù. Àwọn apẹja ibẹ̀ ń wá ẹja ńlá kan tí wọ́n ń pè ní sámọ́nì, àti ìbátan rẹ̀ kékeré tí ń jẹ́ tíráòtù. Wọn kò rí àyè fi okùn sẹ́yìn nítorí igi àti bèbè. Láàárín ọ̀rúndún tó ṣáájú èyí tó kọjá, ìyẹn ní nǹkan bí ọdún 1850 síwájú, wọ́n ti mọ ọ̀nà ìjù kan tí okùn kò fi ní kúrò lórí omi pátápátá. Orúkọ odò náà ni wọ́n fi pe ìjù náà títí di òní. Sámọ́nì ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi pa, ṣùgbọ́n lónìí wọ́n ń fi ọ̀pá tó fúyẹ́ ju àwọn ìyẹn lọ ṣe é fún tíráòtù náà.

Ẹ má wulẹ̀ wá tíráòtù nínú Odò Ògùn o. Ẹja omi tútù ni. Bí omi bá gbóná kọjá ìwọ̀n 20 ti Celsius, ara ń ni ín, omi wa níhìn-ín sì ń gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Áfíríkà, orí òkè gíga ni wọ́n ti lè sìn ín, bí àwọn odò tó ń ṣàn láti Òkè Kenya, níbi tí àwọn òyìnbó gbé e lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Ṣùgbọ́n ìjù kò mọ irú ẹja. Odò tí igi bá ti wà létí rẹ̀ ni ó wúlò fún.

Kí ló mú kí ọ̀pá yìí yàtọ̀? Nínú ìjù tí àwa mọ̀, òjé tàbí ìdẹ tó wúwo ni a ń jù, òun ló ń fa okùn lọ. Ìwọ̀ oníyẹ̀ẹ́ kò wúwo rárá. Bí ẹ bá jù ú lásán, kò ní lọ ju iwájú yín. Okùn ló wúwo. Okùn ni a ń jù, òun ló ń gbé ìwọ̀ lọ. Ẹ wo darandaran bó ti ń ju pàṣán: kì í ṣe ẹnu pàṣán ló jù, ìdí rẹ̀ ló mì, agbára sì ń yí lọ títí ó fi dé ẹnu. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ìdí nìyẹn tí okùn yín fi nípọn, tí ó sì ń tín-ín-rín lọ sí ẹnu. Nọ́ńbà kan wà lára ọ̀pá, òun sì gbọ́dọ̀ bá nọ́ńbà okùn mu. Bí okùn bá fúyẹ́ jù, ọ̀pá kò ní tẹ̀. Bí ọ̀pá kò bá tẹ̀, kò ní ju nǹkan kan.

Ẹ ó wá bi mí pé, bí a kò bá fi okùn sẹ́yìn, kí ni yóò tẹ ọ̀pá? Omi ni. Èyí ni kókó ọ̀rọ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí ẹnu okùn sùn lórí omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Omi yóò dì í mú bí ìdákọ̀ró ti ń di ọkọ̀ mú. Bí ẹ bá wá ti ọ̀pá síwájú, okùn tí omi dì mú yóò tẹ̀ ẹ́ bí ọrun, ọrun yóò sì ta.

Ẹ jẹ́ kí a mú un ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ yọ ìwọ̀ kúrò ná, kí ẹ so ìjá òwú pupa mọ́ ẹnu okùn. Ẹ má ṣe é lórí koríko, nítorí koríko kò lè di okùn mú bí omi ti ń dì í. Ẹ dúró létí omi níbi tí kò jìn. Ẹ fa okùn jáde tó ìlọ́po méjì gígùn ọ̀pá, kí ẹ sì jẹ́ kí ó nà sórí omi níwájú yín.

Èkínní, ọwọ́ ọ̀tún di ọ̀pá mú lókè kẹ̀kẹ́, ọwọ́ òsì di ìdí rẹ̀ mú. Ẹ rẹ ẹnu ọ̀pá sílẹ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Okùn tó bá dẹ̀ kò ní gbọ́ràn.

Èkejì, ẹ gbé ọ̀pá sókè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ẹ sì mú un wá sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún yín, títí ọwọ́ ọ̀tún yóò fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Ẹ má já okùn kúrò lórí omi. Ẹ máa wọ́ ọ ni. Okùn yóò sọ ikùn kalẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pá bíi lẹ́tà D: ọ̀pá ni igi tó dúró gbọọrọ, okùn ni ikùn. Ikùn yẹn nìkan ló lọ sẹ́yìn, kò sì jìnnà. Òwú pupa ṣì wà lórí omi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, níbi tí ojú yín ti rí i.

Ẹ̀kẹta, ẹ dúró díẹ̀, bí ẹni mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wo òwú pupa. Bí ó bá ti sùn, ó tó.

Ẹ̀kẹrin, ẹ fi ọwọ́ òsì fa ìdí ọ̀pá sí àyà, kí ọwọ́ ọ̀tún ti òkè rẹ̀ síwájú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ẹ sáré sí i, kí ẹ sì dúró gbọn-in nígbà tí ẹnu ọ̀pá bá ṣì ga ju ojú yín lọ. Dídúró yẹn ló ń ta ọrun. Okùn yóò yí bí ẹní tí a tú, yóò sì nà síwájú.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọn á fi gbogbo agbára lù ú, bí ẹni ń la igi. Okùn á wó lulẹ̀ níwájú wọn bí ìfun. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú níí le koko. Mo lo ọ̀sẹ̀ méjì kí èyí tó yé mi.

Bí èyí bá ti mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ ó fẹ́ ju okùn sí òdì-kejì odò lẹ́yìn tí omi bá ti gbé e lọ sísàlẹ̀. Ká ní omi ń ṣàn láti òsì yín lọ sí ọ̀tún. Okùn ti nà sí ọ̀tún. Ẹ gbé ọ̀pá, kí ẹ mú ẹnu rẹ̀ kọjá níwájú yín lọ sí òsì, kí okùn sùn síwájú yín, ṣùgbọ́n kí ẹnu okùn má kọjá ara yín. Ẹ jẹ́ kí ó wà ní ọ̀tún síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ọ̀pá padà sí ọ̀tún, kí ẹ gbé e yípo lọ sí ẹ̀gbẹ́ etí, ikùn D á sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó sì jù ú sí ibi tí ẹ ń fẹ́. Ìlọ àti àbọ̀ ni. Bí omi bá ń ṣàn láti ọ̀tún lọ sí òsì, ẹ pààrọ̀ ọwọ́: òsì lókè, ọ̀tún nísàlẹ̀.

Òfin kan wà tí n kò ní fi bò lábẹ́ ahọ́n: ìhà ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ ni kí ìwọ̀ máa wà, kì í ṣe ìhà ibi tí ó ti ń fẹ́ bọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti òsì, ẹ jù láti ọ̀tún. Bí ẹ bá ṣe òdì rẹ̀, afẹ́fẹ́ á gbé ìwọ̀ wá pàdé ojú yín. Nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ ń ti àríwá ìlà-oòrùn wá, ẹ kọ́kọ́ wo ewé igi kí ẹ tó yan bèbè tí ẹ ó dúró sí. Bí òjò bá sì ṣú, ẹ tú ọ̀pá palẹ̀ kíá. Kábọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń ṣe irú ọ̀pá yìí láti nǹkan bí ọdún 1973, iná mànàmáná sì ń gba ara rẹ̀ kọjá. Ẹ má gbé e dúró nínú àrá, ẹ má sì gbé e kọjá lábẹ́ wáyà iná.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní ọmọ ní Aberdeen ńkọ́? Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yín wà níbẹ̀. Kí kábọ́ọ̀nù tó dé, oparun ilẹ̀ Ṣáínà ni àwọn òyìnbó ń là, tí wọ́n ń lẹ̀ pọ̀ ṣe ọ̀pá tó dára jù lọ. Oparun kò wọ́n wa. Ẹ wá èyí tó gbẹ, tó tó ẹsẹ̀ bàtà 11, tó tín-ín-rín lẹ́nu, tí ó sì ń tẹ̀ láìṣẹ́. Ní ti okùn, irun ẹṣin ni àwọn ará ìgbàanì lọ́ pọ̀, wọ́n sì ń dín iye irun kù bí wọ́n ti ń lọ sí ẹnu. Ìsẹ́yìn kò lè wá òwú tì, níbi tí òfì kì í ti í dákẹ́. Mo lọ́ òwú 12 pọ̀ ní ìdí, ó di 8 láàárín, ó di 4 lẹ́nu, mo sì so ọ̀rá ìwọ̀ tín-ín-rín tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 6 mọ́ ọn. Bí àwọn òyìnbó ti ń fi ọ̀rá pa okùn sílíkì wọn kí ó lè léfòó, òrí ni mo fi pa tèmi. Mo so ó mọ́ ẹnu oparun gan-an, láìsí kẹ̀kẹ́. Kò lọ jìnnà bíi ti Bàbá, ṣùgbọ́n ó ń yí, kò sì kọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́yìn.

Ní ti eṣinṣin àtọwọ́dá, ìyẹ́ ẹtù dára púpọ̀. Àwọn òyìnbó pàápàá ń lò ó. Òǹkọ̀wé kan láyé àtijọ́, Aelian, ti kọ ọ́ ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa pé àwọn ará Makedóníà ń wé òwú pupa mọ́ ìwọ̀, wọ́n sì ń fi ìyẹ́ àkùkọ méjì sí i. Ohun tí ó wà lágbàlá yín náà nìyẹn. Epìyà kékeré àti àwọn ẹja onípẹ́ fàdákà tí ń fò mú kòkòrò lójú omi yóò gbé e. Àrọ̀ ní tirẹ̀, ìsàlẹ̀ ni ó wà. Ekòló ni kí ẹ fún un.

Ẹ̀yin oníṣòwò tí ń ta ìwọ̀, ẹ jẹ́ kí oníbàárà mọ nọ́ńbà: bí nọ́ńbà bá ti pọ̀ tó ni ìwọ̀ ń kéré tó, 12 kéré ju 6 lọ. Ẹ sì sọ fún un pé kí ó fi ẹ̀mú tẹ ẹ̀gún ẹnu ìwọ̀ mọ́lẹ̀. Bí okùn kò bá dẹ̀, ẹja kì í tètè bọ́. Ìwọ̀ tí a tẹ ẹ̀gún rẹ̀ ni kì í ya ẹran ara ọmọ.

Bàbá, ẹ ní Ògùn lẹ ti ń pẹja. Ẹ tún lè lọ sí adágún Ìkéré, tí ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìsédò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bèèrè ààlà kí ẹ tó na ọ̀pá, nítorí ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ tí a ń pè ní Old Oyo National Park wà lágbègbè náà, a kò sì gbọdọ̀ pẹja nínú rẹ̀ láìgba àṣẹ. Ẹ má sì bá àwọn tó ń da májèlé sí odò kẹ́gbẹ́. Òfin ẹja ti ọdún 1992 kà á léèwọ̀, òun àti àdó olóró. Ẹni tó da májèlé sí omi pa ẹja ọ̀la pẹ̀lú ti òní, ó sì tún fi ikùn ẹni tó jẹ ẹ́ wewu.

Bí ìwọ̀ bá kọ́ ènìyàn lójú, ẹ má fà á. Ẹ gé okùn. Ẹ da ife tó mọ́ bo ojú náà láìtẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi aṣọ dè é, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ní ọwọ́ tàbí etí, ẹ bèèrè abẹ́rẹ́ ìpá nígbà tí ẹ bá débẹ̀. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ìwọ̀ nìkan kọ́ ni ọ̀tá ojú létí odò wa. Eṣinṣin dúdú kékeré tí ń pamọ síbi omi tó ń sáré ni ó ń fa àìsàn tí ń fọ́ ojú. Ẹ wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, ẹ má sì kọ oògùn Mectizan nígbà tí wọ́n bá gbé e wá sí àdúgbò yín. Láti ọdún 1987 ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ti ṣèlérí pé ọ̀fẹ́ ni yóò jẹ́.

Nítorí náà, Bàbá, ẹ gbé ọ̀pá yín padà lọ sí odò. Ẹ mú àwọn ọmọ-ọmọ yín dání, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró lẹ́yìn yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjù yìí kò gba ẹ̀yìn. Ẹ tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ òsì, níbi tí ẹ ti lè rí wọn, kí wọ́n jìnnà tó ọ̀pá méjì. Bí ẹ bá pààrọ̀ ọwọ́, kí àwọn náà pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi òwú pupa kọ́ wọn. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Àwa apẹja, ojú ọmọ wa ni kí a fi ojú tiwa ṣọ́.

Bí ẹ bá pa àkọ́kọ́, ẹ kọ̀wé sí mi. Ó dìgbà o.